Omi Títòrò Kì í Ṣe Omi Mímọ́: Ìtàn Àṣẹ Lórí Omi Mímu ní Ilẹ̀ Wa

Ní Lagbé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìró tí etí kọ́kọ́ ń gbọ́ ni ìró korobá àti kẹ́ẹ̀gì. Àwọn ìyá ń lọ sí ìdí ẹ̀rọ, àwọn ọmọ ń fa okùn lẹ́nu kànga, àwọn mìíràn sì ń bu omi òjò àná láti inú àgbá sínú ìkòkò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé: "Omi tí ẹ mu kí ẹ tó kúrò nílé lónìí, ta ni ó sọ fún yín pé ó mọ́?" Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn wá dìde, ó ní: "Olùkọ́, omi náà tòrò. A rí ìdí igbá."

Ìdáhùn yìí ni ó bí àròkọ wa. "A rí ìdí igbá" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán: òṣùwọ̀n tí àwọn baba ńlá wa fi ń wọn omi ni, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú àwọn ènìyàn ti rí láti nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn ti fi hàn pé ojú nìkan kò tó láti ṣọ́ omi. Nítorí náà, a fẹ́ tọ ipa ọ̀nà tí àṣẹ lórí omi mímu gbà ní ilẹ̀ wa, láti ìgbà èèwọ̀ odò títí dé ìgbà òfin tí a fi nọ́ńbà kọ, kí a lè mọ ẹni tí ń ṣọ́ omi wa lónìí, àti ibi tí ìṣọ́ náà ti ń jò.

Kí a tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí a sọ ibi tí a dúró sí. Lagbé jẹ́ ọ̀kan nínú ẹkùn mẹ́fà tí ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifangni. Àwọn yòókù ni Ifangni fúnra rẹ̀, Banigbé, Daagbé, Ko-Koumolou àti Tchaada. Ifangni, ní tirẹ̀, wà ní ìpínlẹ̀ Plateau pẹ̀lú Sakété, Pobè, Kétu àti Adja-Ouèrè, ó sì fẹ̀gbẹ́ kan ti ilẹ̀ Nàìjíríà. Ààlà tí ó là wá láàárín, àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ó fi lélẹ̀. Àwọn tí ó fa ìlà náà kò bi omi léèrè. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà, àìsàn inú omi kò sì ní ìwé ìrìnnà.

Àṣẹ tí a kò kọ sínú ìwé

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn òyìnbó ni ó kọ́ wa láti máa fi òfin de omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Yorùbá gbogbo, omi ní àṣẹ tirẹ̀. Òkè odò ni a ti ń pọn omi mímu. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni a ti ń fọ aṣọ, tí a ti ń wẹ̀, tí ẹran ọ̀sìn sì ti ń mu. Ẹni tí ó bá yí ètò yìí po, gbogbo ìlú ni ó ṣẹ̀. Ìsun kan lè wà tí a kò gbọdọ̀ ti ọṣẹ bọ̀, tí a kò sì gbọdọ̀ ti ìkòkò tí èéfín ti bà jẹ́ bọ̀. Odò mìíràn ní ọjọ́ ìsinmi, tí ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ kàn án. A máa ń ro ojú ọ̀nà odò, a máa ń kó ewé jábájábá kúrò lójú omi, iṣẹ́ ọ̀dọ́ ìlú sì ni.

Bí omi bá délé tán, ìṣọ́ rẹ̀ kò tíì parí. Inú àmù ni a ń dà á sí, ní ibi òjìji, lórí ilẹ̀ tútù. A óò fi ọmọrí dé e, a óò sì jẹ́ kí ó sinmi títí ìdọ̀tí rẹ̀ yóò fi rò sí ìsàlẹ̀. Ahá kan wà tí a fi ń bu omi, òmíràn sì wà tí a fi ń mu ún. Ọmọ tí ó bá ti ahá tí ó ti kan ẹnu bọ inú àmù, ìyá rẹ̀ yóò bá a wí. Àwọn àgbàlagbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ bá nílé ṣì rántí gbogbo èyí. Àwọn kan tilẹ̀ rántí pé bí alejò bá wọlé, omi ni a kọ́kọ́ ń fún un, àti pé ẹni tí ó gbé e wá ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí alejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Nínú àṣẹ yìí, agbára kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé: kò sí ẹni tí kì í ṣe olùṣọ́. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni, nítorí pé ìlú fúnra rẹ̀ ni ìjọba. Ẹni tí ó ba omi jẹ́ mọ àwọn tí yóò mu ún lórúkọ. Ṣùgbọ́n àìpé kan náà wà nínú rẹ̀. Ojú, imú àti ahọ́n nìkan ni àwọn baba wa ní láti fi yẹ omi wò. Ohun tí ó bá rí dúdú, tí ó bá rùn, tàbí tí ó bá korò, wọ́n á kọ̀ ọ́. Ohun tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tí kò sì ní adùn, ó kọjá agbára wọn. Omi lè tòrò kí ó má mọ́. Láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni gbogbo ìtàn òfin omi ti wáyé.

Láti London dé ọ̀dọ̀ wolé-wolé

Kì í ṣe àwa nìkan ni ojú tàn jẹ. Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò kan ní London. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ni ó fà á. Dókítà kan tí ń jẹ́ John Snow kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè ibi tí òkú kọ̀ọ̀kan ti ń pọn omi, ó sì rí i pé ìdí ẹ̀rọ kan ní òpópó Broad Street ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń pọn ọ́n. Ó rọ àwọn alábòójútó àdúgbò, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé omi ẹ̀rọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lójú. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí Robert Koch, ará Jámánì, tó fi hàn gbangba pé kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fa àrùn náà.

Ìmọ̀ tuntun yìí wọ ilẹ̀ wa nígbà ìjọba amúnisìn, ṣùgbọ́n kò wọlé bí ìmọ̀. Bí àṣẹ ni ó ṣe wọlé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1904, ìjọba Faransé gbé àṣẹ kan jáde lórí ìdáàbòbò ìlera gbogbo ènìyàn ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Dahomey sì wà lára wọn. Ní òdìkejì ààlà, Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe irú rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ tí gbogbo Yorùbá mọ̀ ti jáde: wolé-wolé. Òun ni òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí ń wọ àgbàlá, tí ń ṣí àmù wò. Bí ó bá rí tanwíjí nínú rẹ̀, ó lè da omi náà nù, ó sì lè fa onílé lọ sí kóòtù kí ó lọ san owó ìtanràn.

A kò ní sọ pé iṣẹ́ wolé-wolé kò wúlò. Tanwíjí ni ń di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ni ń gbé ibà káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó yí padà. Lánàá, ìlú ni ń ṣọ́ omi. Lónìí, àlejò kan ni ó wá ń ṣọ́ ìlú. Àwọn ènìyàn kọ́ láti bẹ̀rù wolé-wolé ju bí wọ́n ti bẹ̀rù àìsàn lọ. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń bọ̀, wọn á gbé àmù pamọ́. Bí ó bá lọ tán, wọn á gbé e jáde pẹ̀lú tanwíjí inú rẹ̀. Òfin tí a kò ṣàlàyé fún ẹni tí yóò pa á mọ́, ẹ̀yìn ẹni tí ó ṣe é ni a ti ń rú u.

Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú náà láti Ìjù, tí ó sì fẹ́ kí àwọn ará ìlú san owó-orí omi, àwọn ènìyàn kọ̀. Ní ọdún 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, àtakò owó omi sì wà lára ohun tí ó kó wọn jọ. Ọ̀rọ̀ náà fà á títí di ọdún 1916, ó sì fa ìjà láàárín ìjọba àti Ọba Eṣùgbàyí Elékò. Ohun tí àwọn ará Èkó ń sọ ni pé àwọn ní kànga tiwọn, àwọn kò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún omi tí àwọn òyìnbó ni yóò kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Omi ẹ̀rọ dára ju omi kànga tí ó wà láàárín ṣáláńgá lọ, ó dájú. Síbẹ̀, ìlú tí a kò bá gbìmọ̀ kò lè fi tayọ̀tayọ̀ gba ohun rere pàápàá.

Ìgbà tí onígbáméjì padà wá

Dahomey gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960. Ọdún kan lẹ́yìn náà, onígbáméjì tuntun kan bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Sulawesi ní Indonéṣíà. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 1970 ó gúnlẹ̀ sí Guinea, kò sì pẹ́ tí ó fi gba etí òkun wá bá wa; ó dé Èkó ní ìparí ọdún kan náà. Àrùn yìí ń tẹ̀lé ọjà, ó ń tẹ̀lé ọkọ̀ ojú omi, ó ń tẹ̀lé òkú tí a gbé lọ sin sí ilé baba rẹ̀. Kì í jẹ́ kí aláìsàn pẹ́: ìgbẹ́ gbuuru àti èébì á fa omi ara rẹ̀ tán, ọjọ́ kan sì lè tó láti pa géńdé.

Àwọn ìdílé tí ó rí i kò gbàgbé. Ohun tí ó fi kọ́ orílẹ̀-èdè wa ni pé òmìnira nìkan kò sọ omi di mímọ́, àti pé òfin àwọn amúnisìn, tí ó dá lórí ìlú ńlá àti ilé àwọn òyìnbó, kò dé abúlé. Orílẹ̀-èdè náà yí orúkọ padà sí Bénẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, a fọwọ́ sí òfin méjì lẹ́ẹ̀kan náà: òfin 87-015 lórí ìmọ́tótó gbogbo ènìyàn, àti òfin 87-016 lórí omi. Ìgbà yìí ni àwa fúnra wa kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó jọ sínú ìwé òfin tiwa. Ohun tí a kò bá fi owó àti ènìyàn tì lẹ́yìn, ṣùgbọ́n, orí bébà ni ó ń dúró sí.

Sòbìà: ogun tí abúlé ṣẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwọn ará abúlé kò lè ṣọ́ omi, kí ó gbọ́ ìtàn sòbìà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kò mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn òbí àgbà wọn mọ̀ ọ́n dáadáa. Inú adágún ni àwọn ọmọ aran náà ń gbé, nínú ikùn ẹ̀dá omi kékeré kan tí ojú lásán kò fi bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá mu omi náà kò ní mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, yóò léròrò, aran tí ó lè gùn tó mítà kan yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde. Ó ń ta bí iná. Ẹni náà yóò fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú. Bí ó bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀, aran náà yóò tú ọmọ rẹpẹtẹ sínú adágún, ìyípo náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Sòbìà kì í sábà pa ènìyàn. Iṣẹ́ ni ó ń pa. Ìgbà tí ó yẹ kí àgbẹ̀ wà lóko ni yóò wà lórí ẹní. Ìgbà tí ó yẹ kí ọmọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò máa wọ́ ẹsẹ̀. Kò sí oògùn tí ń wò ó, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà rẹ̀, kò sí títí di òní. Kí ni a wá fi ṣẹ́gun rẹ̀? Asọ ni, pẹ̀lú sùúrù àti òfin tí gbogbo ìlú gbà. Ní ọdún 1986, Àpérò Ìlera Àgbáyé pè fún ìparun àrùn yìí, ilé-iṣẹ́ Carter Center, tí Ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, Jimmy Carter, dá sílẹ̀, sì ti iṣẹ́ náà lẹ́yìn. A kọ́ àwọn ènìyàn láti máa fi asọ tí ojú rẹ̀ há sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. A gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ibi tí adágún nìkan wà. A da oògùn tí ń pa ẹ̀dá omi kékeré náà sínú adágún. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé nínú abúlé kọ̀ọ̀kan, a yan ẹnìkan láàárín àwọn ará abúlé fúnra wọn, tí yóò máa wò ó bóyá sòbìà ti yọ lára ẹnikẹ́ni, tí yóò di egbò rẹ̀, tí kò sì ní jẹ́ kí ó ti ẹsẹ̀ bọ omi.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, nígbà tí a kọ́kọ́ ka àwọn tí ó ní àrùn yìí láti abúlé dé abúlé ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000. Ní Bénẹ̀, aláìsàn tí a rí kẹ́yìn jẹ́ ti ọdún 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí ní ọdún 2009 pé àrùn náà ti kúrò lórílẹ̀-èdè wa. Tógò gba ẹ̀rí tirẹ̀ ní ọdún 2011, Nàìjíríà ní ọdún 2013. Ìṣẹ́gun yìí tóbi, ṣùgbọ́n a kì í fi í kọ́ ọmọ nínú kíláàsì tó bí ó ti yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó mú un ṣeé ṣe. Òfin náà jọ ti àwọn baba wa: má ti ẹsẹ̀ bọ omi mímu. Ìmọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ tuntun: ohun tí o kò rí wà nínú omi náà. Ẹni tí ń ṣọ́ ọ kì í ṣe àlejò, ọmọ ìlú ni. Èèwọ̀ àti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pàdé nídìí adágún kan náà, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Wolé-wolé kò rí irú èyí ṣe fún gbogbo ọdún tí ó fi ń gba owó ìtanràn.

Òfin tí a fi nọ́ńbà kọ

Kí a tó dé òfin tí ó wà lónìí, ó yẹ kí a mọ̀ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ni ó kọ́kọ́ tẹ òṣùwọ̀n omi mímu fún gbogbo ayé jáde, ní ọdún 1958. Láti ìgbà náà, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀. Tiwa jáde ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 2001: àṣẹ ìjọba 2001-094, tí ó fi òṣùwọ̀n omi mímu lélẹ̀ ní Bénẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "mímọ́" ti di nọ́ńbà.

Ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ díẹ̀ nínú wọn, nítorí pé èdè Faransé ni a fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pọn omi kò sì lè kà á. Kòkòrò tí a ń pè ní E. coli, tí inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ni ó ti ń wá, kò gbọdọ̀ sí rárá: òdo ni nọ́ńbà rẹ̀. Bí a bá rí i, ìgbẹ́ ti kan omi náà ni, bí ó tilẹ̀ tòrò bí omi ojú. Náítréètì, tí ó ń ti inú ṣáláńgá, ààtàn àti ajílẹ̀ oko wá, kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 45 lọ nínú lítà kan; bí ó bá pọ̀ jù, ó léwu púpọ̀ fún ọmọ ìkókó, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ bí ó ti yẹ. Ìwọ̀n pH, tí ó ń sọ bí omi ti kan tó, gbọ́dọ̀ wà láàárín 6.5 àti 8.5. Èyí kàn wá gan-an, nítorí pé omi abẹ́ ilẹ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè wa sábà máa ń kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kíkan náà kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ irin. Nígbà tí omi ẹ̀rọ bá pọ́n bí ìpẹtà, tí ó sì ń pa aṣọ funfun láró, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ páìpù ni omi ń jẹ.

Lẹ́yìn nọ́ńbà ni ètò. Ilé-iṣẹ́ SBEE ni ó ń bójú tó iná àti omi papọ̀ tẹ́lẹ̀; ní ọdún 2003, a ya omi sọ́tọ̀, a dá SONEB sílẹ̀ fún àwọn ìlú. Òfin ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999 ti fi ìpèsè omi mímu sí ara iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2010, òfin 2010-44 lórí ìṣàkóso omi rọ́pò ti 1987. Ní ọdún yẹn kan náà, ọjọ́ 28 oṣù keje, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kéde pé omi mímu tí ó mọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní ọdún 2017, a dá ANAEPMR sílẹ̀ fún omi àwọn ìgbèríko, ilé omi gíga pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fi páìpù pín omi sì ti ń pọ̀ sí i láti ìgbà náà.

Ibi tí ìṣọ́ ń jò

Ẹni tí ó bá ka gbogbo èyí lè rò pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú wa rí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, kànga kan wà tí omi rẹ̀ tutù, tí ó sì mọ́ gaara. Gbogbo wa ni a ń mu ún, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Ní àkókò òjò kan, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru mú ọ̀pọ̀ ọmọ. A sọ pé máńgòrò ni. Lẹ́yìn náà a tún sọ pé iyán tí wọ́n jẹ níbi òkú kan ni. Ó pẹ́ kí ẹnìkan nínú wa tó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ẹnu kànga dé ìdí ṣáláńgá: ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án péré. Mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kéré tán, ni àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó máa ń sọ fún wa pé ó yẹ kí ó wà láàárín wọn. A ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn John Snow ní kíláàsì náà. A kọ́ wọn, a sì ń bu omi kànga náà fún wọn mu. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹnìkan, tiwa ni.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé òfin ń ṣọ́ omi tí ó ní olówó. Omi ẹ̀rọ ìlú ní ilé-iṣẹ́ tí ń dáhùn fún un. Omi ilé omi gíga ní alábòójútó. Ṣùgbọ́n kànga àgbàlá, tí baálé gbẹ́ fúnra rẹ̀, tí ogún ènìyàn ń mu, ta ni ń yẹ̀ ẹ́ wò? Iṣẹ́ ìṣọ́ ìlera jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ìjọba fún ìlera, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, ilé àyẹ̀wò jìnnà, àyẹ̀wò sì ń ná owó.

Ibòmíràn tí ìṣọ́ ń jò ni ọ̀rá omi. Ní apá ààlà tiwa, omi inú ọ̀rá tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà ti di ohun àmúyangàn níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, ni ó ń fún àwọn tí ń ṣe é ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wo nọ́ńbà náà. Àwọn tí ó sì ń wò ó gbàgbọ́ pé bí nọ́ńbà bá ti wà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Nọ́ńbà ń sọ pé a mọ ilé-iṣẹ́ náà. Kò lè sọ bí ọ̀rá tí ó wà lọ́wọ́ rẹ ti pẹ́ tó nínú oòrùn lẹ́yìn ọkọ̀, tàbí ibi tí ó ti dúbúlẹ̀ kí a tó fi eyín ya á. Òṣùwọ̀n ojú àtijọ́ ni a tún gbé wọ aṣọ tuntun: lánàá, omi mọ́ nítorí pé a rí ìdí igbá, lónìí, ó mọ́ nítorí pé ó wà nínú ọ̀rá.

Ohun tí ó kù fún wa

Ìtàn tí a sọ yìí pín sí mẹ́ta. Àṣẹ àwọn baba wa ní olùṣọ́, kò ní ìmọ̀ ohun tí ojú kò rí. Àṣẹ amúnisìn ní ìmọ̀, kò ní ìfọkàntán ìlú. Òfin tiwa ní ìmọ̀ àti ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ní olùṣọ́ lẹ́nu kànga. Ìgbà kan ṣoṣo tí ohun gbogbo péjọ ni ìgbà ogun sòbìà, ìgbà náà ni a sì ṣẹ́gun.

Nítorí náà, a kò béèrè òfin tuntun. Ohun mẹ́ta ni a béèrè. Èkíní, kí àyẹ̀wò tí a bá ṣe fún omi ẹ̀rọ kan má ṣe dúró sínú àpótí ní ọ́fíìsì, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ẹ̀rọ náà, ní èdè Yorùbá àti ní Faransé, kí ìyá tí ń pọn omi lè bi ọmọ rẹ̀ pé: "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Èkejì, kí ìjọba ìbílẹ̀ ka àwọn kànga àgbàlá, kí a sì máa yẹ èyí tí ó sún mọ́ ṣáláńgá wò, ó kéré tán lẹ́yìn òjò. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa. Kànga gbọ́dọ̀ ní ọmọrí àti etí tí ó ga, kí òdo òjò má bàa ṣàn wọ̀ ọ́. Korobá kan ṣoṣo ni kí a máa fi fà á, kí a má ṣe gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Omi tí a kò bá dá lójú, kí a sè é tàbí kí a fi oògùn omi sí i gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti júwe.

Lẹ́yìn ìjíròrò wa ní kíláàsì, a fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ kan: kí kálukú ya àwòrán àgbàlá wọn, kí ó fi àmì sí kànga, kí ó fi àmì sí ṣáláńgá, kí ó sì fi ẹsẹ̀ wọn ohun tí ó wà láàárín wọn. Àwọn àwòrán náà kò dọ́gba, àwọn kan kàn fi lẹ́ẹ̀dì ya róbótó méjì. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ní òun rí ìdí igbá ni ó kọ́kọ́ padà wá. Ó ní bàbá àgbà òun bi òun pé kí ni òun ń wọ̀n nínú àgbàlá, òun sì ṣàlàyé fún un. Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: "Nígbà tiwa, a kì í ya ìgbẹ́ sí òkè odò. Ohun kan náà ni wọ́n ń kọ́ yín."

Ohun kan náà ni. Àwọn Yorùbá ní omi kò lọ́tàá, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣọ́ omi rẹ̀ lè sọ ọ́ di ọ̀tá. Bí ìwé ìròyìn yìí bá dé ọwọ́ rẹ, kí o tó ṣí ojú ewé tí ó kàn, dìde, lọ wọn ìṣísẹ̀ tí ó wà láàárín kànga yín àti ṣáláńgá yín.